Àwàdà Tí Mo Fi Lé Rájí Kúrò Ní Òjó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn ohun tí ẹnu ara mi fi mí ṣe, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ yín. Bí Ṣífáwù bá ti la ẹnu, ẹ̀rín ni ẹ máa ń retí. Ẹ óò rẹ́rìn-ín lónìí náà o. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí.

Ìwé mi ò pọ̀. Sitándáàdì Wáànù ni mo kà tí ìyá mi fi ní ẹja kì í dúró de ẹni tó ń ka ABD. Ìgbà tí mo di ìyá ọlọ́mọ ni mo lọ kọ́ ìwé kíkọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ bá mi nà án tọ́.

Ẹja gbígbẹ ni mo ń tà ní etí omi Òjó, ní àwọn ọdún tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Kò tíì sí títì ńlá nígbà náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ló lọ láti Òjó dé Ìbà, láti Ìbà dé Òkòkòmáíkò, àgbọn lọ́tùn-ún, igbó lósì. Ẹ̀yin tí ẹ ń háyà yàrá ní Ìbà lónìí, tí ẹ ń ráhùn pé ibẹ̀ há jù, igbó ni mo mọ̀ ọ́n sí o! Òkété ni lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀.

Mo máa ń jókòó ti ẹja mi, màá sì máa fi ẹnu mú gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ẹni tó bá sanra, mo ní a ti rí ibi tí oúnjẹ ìlú ń lọ. Ẹni tó bá rù, mo ní kó má dúró ti àtẹ mi, kí oníbàárà má baà rò pé ara ọjà ni. Àwọn èèyàn ń rìn jìnnà wá ra ẹja lọ́wọ́ mi nítorí ẹnu yìí. Ṣé kí n wá pa á dé ni?

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n dé orí Rájí.

Èmi àti Rájí jọ dàgbà ni. Ògiri ẹlẹ́rẹ̀ kúkúrú kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé wọn àti tiwa. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré, bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Bàbá Sálísù ni gbogbo wa ń pe bàbá náà, òun ló sì ń dúńbú ẹran fún gbogbo Òjó. Bó jẹ́ àgbò Iléyá, bó jẹ́ màlúù ìnáwó, bí kì í bá ṣe ọ̀bẹ Bàbá Sálísù ló kàn án lọ́fun, ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ò ní fi ẹnu kàn án. Àwọn kìrìsítẹ́nì pàápàá ń pè é, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Bó ní eyín, bí ò ní, èmi ò lè búra.

Bàbá yìí ta oko àgbọn rẹ̀ kan kó tó lè rán Rájí lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà. Ọmọ tó lọ kọ́ bí a ṣe ń fi ẹfun kọ pátákó, eré sísá ló fi gbajúmọ̀ níbẹ̀! Ẹ̀yin èèyàn, Rájí mọ eré é sá. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn tó ń bá a díje kò mọ ojú rẹ̀. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó gba kọ́ọ̀pù fàdákà kan wálé. Bàbá Sálísù yí i wò síwá sẹ́yìn, ó bi í bóyá orí ló fi gbà á tàbí ẹsẹ̀. Rájí ní ẹsẹ̀ ni. Bàbá ní ó dára, ewúrẹ́ náà ní ẹsẹ̀. Ó sì gbé kọ́ọ̀pù náà sí ojú fèrèsé, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá á ti rí i!

Bí àwọn bàbá wa ṣe ń fẹ́ràn ọmọ nígbà náà nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, Rájí jókòó ti àtẹ mi, ó sọ fún mi pé eré kan wà tó dun òun jù, tí òun ò sá dé òpin. Wọ́n wọ lọ́rì lọ díje ní ìlú kan, wọ́n yà jẹun lọ́nà, oúnjẹ náà dùn. Nígbà tí wọ́n dé ìlú tí wọ́n ń lọ, wọ́n tún jẹun. Èyí ò dùn, ó sì ti kan díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe fun fèrè eré báyìí, inú Rájí ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú igbó ló yà sí!

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kò yẹ kí arìnrìn-àjò mọ ohun tó máa bá nínú abọ́ kó tó jókòó ni? Kí èèyàn jẹun ní Òjó lónìí, kí ebi pa á ní Òkòkòmáíkò lọ́la, kí ọbẹ̀ kan náà pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ọbẹ̀ kì í ṣe oòrùn, tí yóò ràn níbi gbogbo. Ó ní kí n máa wò ó.

Ó ṣe tíṣà ọdún kan péré. Ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó ṣí ilé oúnjẹ sí Òjó, kò jìnnà sí ìsọ̀ mi. Kó tó pẹ́, ó ṣí òmíràn sí Ìbà. Nígbà tó yá, ó ṣí ẹ̀kẹta sí Òkòkòmáíkò. Pẹ́ńtì aláwọ̀ ewé kan náà ló fi kun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ǹṣì kan náà, abọ́ kan náà. Ọ̀mùtí kan jẹun ní Òjó, ó rìn dé Ìbà, ó rí ilé aláwọ̀ ewé, ló bá bú sẹ́kún pé láti àárọ̀, ẹsẹ̀ òun ò tíì kúrò lójú kan.

Obìnrin kan ló ń se oúnjẹ ní ilé kọ̀ọ̀kan, Rájí ló sì kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kò fọkàn tán wọn. Láràárọ̀, bó bá ti kírun tán, á wọ ṣòkòtò péńpé tó fi ń sáré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, á ki ṣíbí onígi bọ ìgbànú, á sáré láti Òjó dé Ìbà, láti Ìbà dé Òkòkòmáíkò, á sì sáré padà. Ní ibi kọ̀ọ̀kan, á tọ́ ọbẹ̀ wò kí oníbàárà tó dé. Bí iyọ̀ ò tó, á sọ. Bí ata pọ̀ ju ti Òjó lọ, á ní kí wọ́n dín in kù. Eré tó ń sá nìyẹn. Èmi mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: èmi mọ̀ dáadáa.

Bàbá Sálísù ńkọ́? Kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó kàn ní òun ò ta oko àgbọn kí ọmọ òun wá máa bu ọbẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ó ní òun ò ní dúńbú ẹran fún ilé oúnjẹ náà, òun ò sì ní jẹun níbẹ̀. Ló bá di pé ọ̀dọ̀ àwọn alápatà Èkó ni Rájí ti ń ra ẹran, tí ọkọ̀ ojú omi ń bá a gbé e wá láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Rájí kì í gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Abọ́ náà á lọ ní bíbò, á padà ní bíbò. Mo ní kó jáwọ́, ó ń fi ẹran ṣòfò. Ó wò mí, ó ní, “Ṣífáwù, ọjọ́ tí Bàbá bá jẹ òkèlè kan nínú oúnjẹ mi, ọjọ́ yẹn ni mo dé òpin eré. Gbogbo ìyókù, mo ṣì ń sá a bọ̀ ni.”

Mi ò rí nǹkan fi ṣàwàdà nínú ìyẹn.

Nígbà tí ilé kẹta ń tà dáadáa, mo rí ohun kan láti orí ògiri wa. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń yọjú. Ẹ̀yin kì í yọjú ni?) Jímọ̀ kan báyìí, wọ́n gbé abọ́ dé, Bàbá Sálísù wò yí ká, ó ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dé e padà, ó tún ṣí i, ó tún gbóòórùn rẹ̀! Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, mo lọ sọ fún Rájí. Ọkùnrin tó ti sáré lójú àwọn òyìnbó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Jímọ̀ tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ.”

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ba nǹkan jẹ́.

Èrò kún ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Rájí sáré kọjá, ṣíbí ń lù ú ní bàdí. Àlejò kan tó gbé àgbọn wá láti ọ̀nà Àgbádárìgì béèrè pé kí ni ọkùnrin yẹn ń lé. Ṣé ẹ rí i? Ó yẹ kí n sọ fún un pé ó ń lọ tọ́ ọbẹ̀ wò ni. Ìdáhùn tó rọrùn! Ṣùgbọ́n ojú gbogbo èrò ti yí sí mi, wọ́n ń dúró de ẹnu mi.

Mo ní, “Ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹran ọbẹ̀ ló ń lé! Ẹ rò pé ó ń ra ẹran ni? Igbó Ìbà ló ti ń kó o jáde. Á lé ẹran títí ọkàn ẹran á fi já. Kó tó bá a, ó ti kú fúnra rẹ̀. Kí ni ọ̀bẹ tún ń wá níbẹ̀? Ṣíbí ló kù kó fi bù ú!”

Háà! Ọkùnrin kan ṣubú lórí àpótí. Àlejò yẹn di ikùn mú. Ẹja mi tán kí oòrùn tó mú. Nígbà tí Rájí ń padà bọ̀, ó bi wá pé ẹ̀rín kí ni. Mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀ tí wọn ò dúńbú, mùsùlùmí ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni adùn àwàdà mi wà. Ní Òjó, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí ojú mi, wọ́n mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n àwàdà náà wọkọ̀, ó rìnrìn àjò, ó sì fi ẹ̀rín sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó fi máa dé Ìbà, ọ̀rọ̀ lásán ló kù.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi Kúbúrátù tó ń ta iṣu ní Ìbà wá ra ẹja. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

“Ṣífá, ṣé o ti gbọ́?”

“Gbọ́ kí ni?”

“Ẹran Rájí. Wọn kì í dúńbú ẹ̀. Ó ń lé e kú ni.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹni tó rí i ni. Nínú igbó. Ó ní ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀!”

“Kúbúrá, èmi ni mo sọ ọ́! Àwàdà mi ni.”

Ó wò mí títí, òun náà wá rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. “Ìwọ yìí! Ọ̀rọ̀ tó le báyìí, o ṣì fẹ́ fi ṣeré.” Ojú rẹ̀ tún le padà. “Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn o. Bàbá rẹ̀ ń dúńbú fún gbogbo ayé. Ọjọ́ wo lo rí i tó dúńbú fún ọmọ tirẹ̀?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kàn wé ẹja rẹ̀ fún un láìfi àwàdà kún un. Ọjọ́ kìíní nìyẹn láyé mi.

Ó yẹ kí n gba ọ̀dọ̀ Rájí lọ lójú ẹsẹ̀, àbí? Mi ò lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ni, á rọ̀. Kí n sì má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Èmi tí mi ò kúrò ní etí omi, ọ̀rọ̀ mi ti dé Òkòkòmáíkò!

Jímọ̀ dé. Rájí wẹ̀, ó wọ agbádá, ó gbé abọ́ náà lọ fúnra rẹ̀. Mo ti wà lórí ògiri mi. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá Sálísù ti mọ́ṣáláṣí dé. Wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bàbá ò ṣí i.

“Ẹran yìí, ta ló dúńbú ẹ̀?”

“Àwọn alápatà Èkó ni, Bàbá.”

“O wà níbẹ̀?”

“Mi ò sí níbẹ̀, sà.”

“Gbé e lọ.”

Bàbá fa kẹ́tùlù mọ́ra, ó fọ ọwọ́ tó fi gba abọ́ náà. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Rájí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí n ju sínú ẹ̀yìnkùlé yẹn láti ibi tí mo wà. Ẹnu mi tí kì í sinmi, ó sinmi.

Òkòkòmáíkò ló kọ́kọ́ dá páropáro. Ìbà tẹ̀ lé e. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Òjó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ láti ilé. Rájí mú alápatà kan wá láti Èkó kó wá búra. Wọ́n ní ó ti fún un ní ẹran jẹ ni. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Rájí wá ń dá a sè. Síbẹ̀, láràárọ̀, ó ń sáré. Ó ń sáré dé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń tọ́ ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ wò, bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Mi ò lè wò ó mọ́. Lọ́jọ́ ọjà, mo dúró lórí àpótí, mo kígbe pé ẹ gbọ́ o, èmi ni mo pa irọ́ náà, àwàdà ni mo fi ṣe! Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ṣífáwù tún ti dé! Ẹ tún gbọ́ tuntun!” Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Ẹnì kan ní kí n tún un ṣe nítorí ìyá òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní Àlàrùbá ọ̀sẹ̀ kan, mo tú gèlè mi, mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Sálísù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí àlejò alágbọn dé orí Kúbúrátù. Bàbá ní, “Tún ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà sọ.”

Mo tún un sọ. Mo sọ bí ọkàn ẹran ṣe já. Nígbà tí mo dé orí ṣíbí, bàbá yìí bú sẹ́rìn-ín! Mo rí eyín rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn. Ó pé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí agbádá nu ojú, kò sì yéé nu ojú nígbà tí ẹ̀rín tán.

Ó ní òun lẹ́bi jù mí lọ. Ó ní ká ní òun ti ń dúńbú ẹran fún ọmọ òun láti ọjọ́ kìíní, àwàdà mi ì bá má rí ibi dúró sí. Ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, òun máa fa akọ màlúù kan lọ sí iwájú ilé oúnjẹ Rájí, òun máa dúńbú rẹ̀ lójú gbogbo Òjó, òun á jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, òun á jẹun níbẹ̀.

Mo dìde pé kí n sáré lọ sọ fún Rájí. Bàbá dá mi dúró.

“Má sọ fún un. Ẹnu rẹ ti sọ̀rọ̀ tó, Ṣífáwù. Èyí, jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́.”

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àbí kò tọ́? Àgbà ló sọ ọ́. Mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàmísì, Rájí ya ìsọ̀ mi láàárọ̀. Kò wọ ṣòkòtò péńpé. Ó dúró, ó ń wo ẹja bí ẹni pé ó fẹ́ rà.

“Ṣífáwù, kò sí nǹkan tí o fẹ́ sọ fún mi?”

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo bu ahọ́n jẹ. Mo ní kò sí, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú nítorí ayọ̀ ọ̀la. Ó wo ẹ̀rín yẹn lójú mi. Ó ní kò burú, ó dàbọ̀. Mo ní ó dàbọ̀.

Kí n tó kó ẹja nílẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbádárìgì, ó ti ibẹ̀ forí lé Kùmásí, ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Gánà. Ẹni tó wa ọkọ̀ náà ló sọ fún wa, lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nítorí Bàbá Sálísù dé o! Ó wọ agbádá funfun, ó fa akọ màlúù, gbogbo mọ́ṣáláṣí tẹ̀ lé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kan ilẹ̀kùn. “Rájí. Rájí, èmi ni.” Mo ti rí àgádágodo lára ilẹ̀kùn láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá kan ilẹ̀kùn náà títí. Nígbà tí wọ́n sọ ibi tí ọmọ rẹ̀ lọ fún un, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìta, ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní Bísímílà, ó dúńbú màlúù náà, ó ní kí wọ́n pín in ní sàráà. Àwọn tí ò fẹnu kan ẹran Rájí fún oṣù púpọ̀ gba ẹran lọ sílé níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá ò mú ẹyọ kan. Ó gé itan kan fún mi, ó ní kí n bá òun yan án gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yan itan yẹn lórí iná ẹja mi, a sì fi rán oníṣòwò kan tó ń lọ sí Kùmásí.

Oníṣòwò náà padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó ní Rájí ti ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀, aláwọ̀ ewé. (Lẹ́yìn náà ó di méjì, ó di mẹ́rin, ó tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Èmi ò mọ iye rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀hún ní ibi yòówù kí èèyàn jókòó sí, ọbẹ̀ kan náà ni.) Ó ní Rájí gba itan náà, ó béèrè ẹni tó dúńbú ẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó gé gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó wọlé jẹ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá béèrè pé, “Bàbá ńkọ́? Ṣé Bàbá jẹ níbẹ̀?” Oníṣòwò ní òun ò mọ̀.

Bàbá ò jẹ níbẹ̀. Ó ní òun ò ní jẹ èyí tí Rájí ò sè. Ó ránṣẹ́ pé kí Rájí wálé. Rájí fèsì pé ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ pọ̀. Ìrunú náà wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Ní Àtàláátà kan, lẹ́yìn ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́, Bàbá Sálísù kú lórí ẹní ìkírun. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín gẹ́gẹ́ bí àdínì ti wí. Rájí gba wáyà, fìdáù ọjọ́ kẹjọ ló tó bá.

Òun ló se oúnjẹ fìdáù náà. Kò jẹ́ kí obìnrin kankan fọwọ́ kàn án. Òjó wá, Ìbà wá, Òkòkòmáíkò wá. Mo lọ bá a nídìí iná, mo kúnlẹ̀ sínú eérú.

“Rájí, èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́.”

Kò gbójú sókè nínú ìkòkò. “Mo mọ̀.”

“O mọ̀? Láti ìgbà wo?”

“Kúbúrátù sọ fún mi ní Ìbà. Àlàmísì yẹn, mo wá kí ìwọ fúnra rẹ lè sọ ọ́. Ká ní o sọ ọ́, ǹ bá mú ọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá. O ní kò sí. O tún ń rẹ́rìn-ín.”

Ha! Mo sọ fún un pé mo ti lọ sọ́dọ̀ Bàbá láti àná ọjọ́ náà. Mo sọ bí Bàbá ṣe ní kí n má sọ. Mo sọ ohun tí Bàbá ní òun máa ṣe.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọbẹ̀. “Ó fẹ́ jẹun?”

“Ó ní òun á jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ.”

“Jímọ̀ yẹn?”

“Jímọ̀ yẹn.”

Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi. Ó kàn ní, “Dìde, Ṣífáwù. Èrò ti pọ̀ níta. Bá mi bu oúnjẹ fún wọn.”

Mo bù ú. Gbogbo wọn jẹ ẹ́, wọ́n lá ìka. Àwọn kan ní ó dùn ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n bi í ìgbà tó máa tún ilé oúnjẹ Òjó ṣí. Rájí kàn ń wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ mọ́, ó padà sí Kùmásí. Kò ṣí nǹkan kan sí Òjó mọ́ láé.

Èmi ò ní kí ẹ má ṣàwàdà o. Èmi gan-an ṣì ń ṣe é, bí mo bá jáwọ́, mo kú nìyẹn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹnu yín bá ti ṣẹ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Mo sọ fún Kúbúrátù. Mo sọ fún gbogbo ọjà. Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Rájí tó ni ọ̀rọ̀ ni mo sọ ọ́ fún kẹ́yìn, nígbà tí ẹni tó ń se oúnjẹ dè ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí láàárín yín, tí ọ̀rọ̀ ẹnu yín jìnnà ju ibi tí ẹ rán an lọ? Ẹ kọ ọ́ sí mi, màá kà á, màá sì dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ẹ dìde báyìí, ẹ lọ bá a.